Nọ́ńbà Tí Tíṣà Fáníyì Fi Tò Wá

Bí ẹ bá dé Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà tí ẹ bèèrè ilé Joseph Fáníyì, wọn ó kọ́kọ́ bi yín pé Fáníyì wo. Bí ẹ bá wá ní Tíṣà tó ń bá nọ́ńbà mọ́tò sọ̀rọ̀ ni, wọn ó rẹ́rìn-ín, wọn ó sì mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọkùnrin náà kò lè rí nọ́ńbà kó má wádìí ìdílé rẹ̀. Bí mọ́tò bá ń kọjá, á dúró sẹ́bàá títì, á máa kùn lábẹ́ ètè pé, "Mẹ́ta pín in. Méje ò pín in. Mọ́kànlá ńkọ́?" Wọ́n ní ó wọ mọ́tò Ògòtún lọ́jọ́ kan nígbà tó jẹ́ pé Adó ló ń lọ, torí kò fẹ́ kí nọ́ńbà mọ́tò náà lọ mọ́ òun lọ́wọ́ kí òun tó mọ ohun tó pín in. Mo bi í bóyá òótọ́ ni. Ó ní irọ́ gbáà ni, pé Ìgbàrà-Odò lòun ti sọ̀ kalẹ̀, òun ò dé Ògòtún rárá.

Ó ti ṣe tíṣà ní Ìsẹ̀, ó ṣe é ní Èmùré, ó ṣe é dé Òde-Èkìtì, kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé bàbá rẹ̀ nílùú wa, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó ga, ó sì tín-ín-rín bí ìlà tí wọ́n fà sábẹ́ ìṣirò. Àjíkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Janet nítorí àkọ́bí wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní ara dáadáa ní tirẹ̀, bó bá sì pe ènìyàn, ohùn rẹ̀ á lọ kan òkè Olósùnta á tún padà wá. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì nínú ìjọ wa. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Bàbá Janet fẹ́ràn mi o, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ìyáálé mi."

Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà láyé, ọ̀kan wà tí Tíṣà fẹ́ràn ju ìyókù lọ. Òun nìyí: 142857. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, mẹ́rin, méjì, mẹ́jọ, márùn-ún, méje. Tíṣà kì í kà á bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwọ̀sí ni. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà ló ń kà á: "Ọ̀kẹ́ méje àti ẹgbẹ̀rìnlá, ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta." Ọ̀kẹ́ kan, ẹ mọ̀ pé ẹgbàá mẹ́wàá ni. Bó bá ti pè é tán, á dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ki oríkì ọba tán.

Ìsẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ebi ń pa á lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì ní iṣu sísun kan nínú àpò. Ó sọ fún kíláàsì pé kí wọ́n pín ọ̀kan sí ọ̀nà méje lórí pátákó, kí wọ́n má ṣe dúró títí tí kò fi ní ṣẹ́kù mọ́. Ó jáde lọ jẹ iṣu. Ìgbà tó padà dé, pátákó ti kún, wọ́n ti kọ ọ́ bọ́ sórí ògiri, wọ́n ti gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ẹnìkan sì wà lórí àga tó ń kọ ọ́ lọ sókè àjà.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "ó kọ̀, kò tán."

Ọ̀gá ilé-ìwé ní kó fọ ògiri náà fúnra rẹ̀. Ibi tó ti ń fọ̀ ọ́ lójú rẹ̀ ti là. Ó rí i pé ọmọ mẹ́fà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn yí ògiri po: 142857, 142857, wọn ò sinmi, wọn ò ṣìnà. Omi ẹfun ń dà sí i lára, ó sì ń ké Halelúyà. Nígbà tó délé, ó mú nọ́ńbà náà lọ́nà méjì, ó di 285714. Ó mú un lọ́nà mẹ́ta, ó di 428571. Ọmọ mẹ́fà yẹn náà ni! Kò sẹ́ni tó jáde nínú wọn, kò sì sí àlejò tó wọlé. Wọ́n kàn dìde ni, wọ́n yí ìjókòó padà, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títí dé ọ̀nà mẹ́fà ló ṣe ń rí bẹ́ẹ̀.

Ó sọ ìtàn yìí fún wa títí ó fi sú wa. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nọ́ńbà náà yóò wúlò fún ìjọ Ọlọ́run.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe wúlò. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló wà nínú ìjọ wa. Lọ́jọ́ Ìkórè, wọ́n á máa pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewúrẹ́ tó mú wá. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ jáde ló gbádùn: akọrin ṣì lóhùn, àwọn ọmọ ìlú tó wálé láti Èkó àti Ìbàdàn ṣì jókòó, àyè ṣì wà níwájú pẹpẹ. Ẹgbẹ́ tó bá jáde kẹ́yìn, bí ẹni ń jó nínú oko ni. Àwọn àlejò á ti wà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n á ti máa fi iyán gbọ́ orin. Akọrin ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bó bá fi máa kan ẹgbẹ́ kẹfà, ètè nìkan la ń mì.

Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀, ti àwọn bàbá àgbà, ló máa ń ṣíwájú lọ́dọọdún. Alàgbà Ládélé ni olórí wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé orí kì í wà lọ́rùn kí ìrù ṣáájú. Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ ló máa ń kẹ́yìn. Lọ́dún 1977, Ọ̀dọ́ ní àwọn kò gbà mọ́. Bí wọ́n ṣe pe Ìrẹ́pọ̀ ni Ọ̀dọ́ náà dìde, wọ́n sì pàdé láàárín ṣọ́ọ̀ṣì, odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kọlu agbọ̀n iṣu, fìlà Alàgbà Ládélé bọ́ sábẹ́ ìjókòó, wọn ò rí i títí di Ọjọ́rú. Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìrẹ́pọ̀!

Lẹ́yìn ìyẹn, Solomon tó jẹ́ olórí àwọn Ọ̀dọ́ ní àwọn ti rí kíláàsì kan ní Odò-Ọjà tí àwọn ó ti máa sin Ọlọ́run láyè ara àwọn. Ìjọ fẹ́ fọ́. Alùfáà Adégòkè kéde ààwẹ̀ àti àdúrà kí Olúwa lè fọ̀nà hàn wá. Mo gba ààwẹ̀ náà tọkàntọkàn. Mo kúnlẹ̀, mo dákẹ́, mo tẹ́tí sílẹ̀. Ohùn tí mo gbọ́ kò ju ti inú mi tó ń kùn lọ. Mo bi àwọn yòókù bóyá wọ́n gbọ́ nǹkan kan. Ládélé ní òun gbọ́ ọ pé kí àgbà máa ṣíwájú. Solomon ní òun gbọ́ ọ pé àwọn ẹni ẹ̀yìn yóò di ẹni iwájú. 

Ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn ààwẹ̀ náà ni Tíṣà Fáníyì ti dìde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará, mo ní nọ́ńbà kan."

"A ti mọ̀," ni gbogbo ilé dá a lóhùn.

Ó kọ 142857 sórí pátákó, ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́fà náà, kó sì di tirẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe tò sórí pátákó lẹgbẹ́ yóò ṣe tò. Lọ́dún kejì, òun á mú nọ́ńbà náà lọ́nà méjì. Lọ́dún kẹta, lọ́nà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé ọdún kẹfà. Ẹgbẹ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà níwájú ni yóò ṣíwájú.

"Láàárín ọdún mẹ́fà," ó ní, "kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní ṣíwájú lẹ́ẹ̀kan. Kò sì sí èyí tí kò ní kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe èmi ni mo tò ó. Báyìí ni mo ṣe bá a."

Ojú Alàgbà Ládélé ti dé orí ọmọ àkọ́kọ́. "Ìrẹ́pọ̀ mú ọ̀kan," ló wí, kíákíá bí ẹni tó rí ẹran nínú àwo. Solomon mú méje, ó ní nọ́ńbà mímọ́ ni. Àwa akọrin mú márùn-ún.

Màmá Janet dìde. "Ẹ fún Dọ́káàsì ní mẹ́jọ. Òun ló tóbi jù níbẹ̀."

Tíṣà wúkọ́. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá mú mẹ́jọ yóò dúró di ọdún kẹfà gbáko kó tó ṣíwájú. Ó tún wúkọ́.

"Bàbá Janet, ikọ́ wo nìyẹn? Mẹ́jọ ni mo ní mo fẹ́."

Ẹ rí i, gbogbo wa la rò pé ẹni tó bá mú nọ́ńbà ńlá ti jèrè, bí ìgbà tí wọ́n ní ká ṣa iṣu. Ẹgbẹ́ méjì tó kù ló mú mẹ́rin àti méjì, wọ́n sì ń kùn pé àwọn nìkan ni wọ́n rẹ́ jẹ.

Alàgbà Ládélé ní ó ku ìbéèrè kan. "Bí nọ́ńbà yìí bá já wa kulẹ̀ ńkọ́, Tíṣà?"

"Bó bá já yín kulẹ̀, n óò dìde ní ìjókòó mi, n óò lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà. N kò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ìjọ yìí."

Bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ni ti àwọn tó pẹ́ dé àti àwọn tí kò ní ẹgbẹ́. Kíláàsì àwọn àgbà tó sì ń kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló kù tó ń mú un dìde lórí ibùsùn láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Màmá Janet sọ fún mi pé bí wọ́n bá gba kíláàsì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n kúkú gba ẹ̀mí rẹ̀ kún un.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1978, Ìrẹ́pọ̀ ṣíwájú, Ládélé sì yin Ọlọ́run nítorí ìmọ̀ ìṣirò. Ọdún kejì, nọ́ńbà di 285714, àwọn tó ń kùn torí méjì ló ṣíwájú, wọn ò kùn mọ́. Ọdún kẹta, ó di 428571. Ẹ wo ibi tí ọ̀kan wà. Ládélé jó lọ síwájú pẹpẹ nígbà tí òórùn ọbẹ̀ ti gba ojú fèrèsé wọlé, kò sí ju ọmọ ọwọ́ méjì àti ìyá àgbà kan tó ń tòògbé lọ tó ń wò ó. Ó wo pátákó náà bí ènìyàn ṣe ń wo àna tó dalẹ̀. Ọdún kẹrin, 571428: àwa akọrin ṣíwájú, Dọ́káàsì kẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ náà, Màmá Janet ń gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀ létòlétò. Iyán ṣíwájú, ọbẹ̀ tẹ̀lé e, ẹran ló kẹ́yìn, kò sì dé. Ọdún karùn-ún, 714285, Ọ̀dọ́ ṣíwájú, Solomon sì gbàgbé kíláàsì Odò-Ọjà pátápátá. Nígbà tó di ọdún kẹfà, 857142, Màmá Janet jó láti ẹnu ọ̀nà dé pẹpẹ, ó jó padà, ó ní òun gbàgbé nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà, ó sì tún jó wá. Ẹran padà sínú ọbẹ̀ Tíṣà.

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Àwa gbààwẹ̀, kò sí ìdáhùn. Ọkùnrin kan kọ nọ́ńbà sórí pátákó, ìjà parí. Ta wá ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Mo lọ bá Tíṣà níwájú ilé rẹ̀, ibi tó ti ń dúró de mọ́tò tó máa kọjá.

"Tíṣà, ṣé Ọlọ́run ló ṣe nọ́ńbà yìí, àbí bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí bí Ọlọ́run kò tilẹ̀ dá sí i?"

"Ìwọ lọ bi í," ló wí. "Èmi, ìwé mẹ́fà ni mo fi ń kọ́ni."

"Ẹ ò rò ó rí ni?"

"Mo rò ó. Orí fọ́ mi. Mo padà sídìí ìsọdipúpọ̀."

Ọdún 1984 wá dé. Ọdún tí ìjọba ológun ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà máa tò sórí ìlà ni. Wọ́n ń tò wọ mọ́tò, wọ́n ń tò gba lẹ́tà ní pósítọ́fíìsì. Alùfáà Adégòkè ń fọ́nnu káàkiri pé ìjọ tòun ti ń tò kó tó di òfin. Lọ́jọ́ Ìkórè, a gbé pátákó síwájú, Tíṣà dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọdún mẹ́fà ti pé, ẹ̀yin ará. A ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Alàgbà Ládélé ti dìde, ó ti ká agbádá sí èjìká. Ìbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí ọ̀kan, ọ̀kan sì ni tirẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni Solomon wí. "Ọdún kejì, ẹ mú un lọ́nà méjì. Ọdún kẹfà, lọ́nà mẹ́fà. Ọdún keje rèé. Ẹ mú un lọ́nà méje."

Ẹ̀rín kúrò lójú Tíṣà. "Kò pọn dandan."

"Kí ló dé tí kò pọn dandan?"

"Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́fà mọ."

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ti ń bẹ̀ wá láti ọdún yìí wá pé ká wá wo nọ́ńbà ni ó wá ń fi ọwọ́ bò ó. Ariwo sọ. Màmá Janet pàápàá ní, "Bàbá Janet, kí lẹ fi pamọ́ síbẹ̀?" Alùfáà gbé ọwọ́ sókè, ó ní méje ni nọ́ńbà tí Olúwa sinmi lé, kò sì yẹ ká máa bẹ̀rù rẹ̀ nílé Olúwa. "Tíṣà, ẹ mú un lọ́nà méje."

Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún. Méje lọ́nà méje, mọ́kàndínláàádọ́ta: ó kọ mẹ́sàn-án. Ó tún kọ mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni èjìká rẹ̀ ń wálẹ̀. Nígbà tó kúrò níwájú pátákó, ohun tí a rí nìyí:

999999

Alùfáà wo ìjọ. "Ẹgbẹ́ wo ló ni mẹ́sàn-án?"

Ewúrẹ́ kan ló dáhùn. Kò sẹ́ni tó ni mẹ́sàn-án. Ọmọ mẹ́fà tí a mọ̀ ti lọ, a ò mọ ibi tí wọ́n gbà.

Alàgbà Ládélé tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i, títí fìlà fi fẹ́ bọ́. "Ẹ̀yin ará," ló wí, "bí ẹ bá dorí pátákó yìí kodò, kí lẹ máa kà? Ọ̀tàlélẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́fà! Nọ́ńbà ẹranko inú Ìfihàn! Lẹ́ẹ̀mejì!"

Gbogbo ìjọ tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò rí irú rẹ̀ rí, bí adìẹ tó gbọ́ ìró àṣá. Èmi náà tẹ tèmi, Ọlọ́run dárí jì mí.

"Alàgbà," ni Màmá Janet wí, ó sì ti tú gèlè rẹ̀, "ta ló ní kí ẹ dorí ẹ̀ kodò? Bí a bá dorí ẹ̀yin náà kodò, ṣé alàgbà la ó ṣì máa pè yín?"

"Ẹ̀jẹ́ lẹ̀jẹ́ ń jẹ́," ni Ládélé dá a lóhùn. "Tíṣà, bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ńkọ́?"

Tíṣà Fáníyì kò bá a jiyàn. Ó tẹ̀lé àárín ìjókòó, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rìn títí dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Màmá Janet fi gèlè bo ojú. Alùfáà ní ká padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí Ìrẹ́pọ̀ ṣíwájú. Solomon tú okùn ewúrẹ́ Ọ̀dọ́, ó dojú kọ ọ̀nà ìta, àwọn Ọ̀dọ́ yòókù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣu wọn tẹ̀lé e. Mo ń wò wọ́n, mo sì ń wí nínú mi pé: Olúwa, ìgbà kejì rèé o. Ẹ sọ nǹkan kan.

Àwọn Ọ̀dọ́ náà kò tíì dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí a gbọ́ ohùn Jẹ́jẹ́.

Jẹ́jẹ́ ló ni bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà. Bàbá àgbà ni, rírìn rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, ọ̀nà oko ló sì ti máa ń wá, kì í tètè dé. Kò ní ẹgbẹ́. Ìrẹ́pọ̀ kò gbà á, wọ́n ní wọ́n rí i lọ́jọ́ ọdún òrìṣà Olósùnta tó ń jẹ iyán nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdajì àwọn tó rí i, ibi tí wọ́n ti ń jẹ tiwọn ni wọ́n ti rí i. Etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́, nítorí náà òun àti ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀ á máa pariwo bí ẹni tó wà ní òdì-kejì odò.

"TÍṢÀ, KÍ NI ÀN KỌ SÍBẸ̀ YẸN?"

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá."

"HÀÁ?"

"Mẹ́sàn-án ni, mẹ́sàn-án mẹ́fà!"

"KÒ YÉ MI. Ẹ KÀ Á BÍ ÀWỌN BÀBÁ WA ṢE Ń KÀ Á."

Tíṣà mí kanlẹ̀, ó sì kígbe sí etí rẹ̀ tó fi jẹ́ pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́: "Ọ̀KẸ́ ÀÁDỌ́TA Ó DÍN KAN!"

"Ó DÍN KAN?" Jẹ́jẹ́ wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. "TA LÓ KÙ TÍ Ò TÍÌ DÉ?"

Solomon dúró. Alùfáà, tó ti ń ṣí ìwé orin, pa á dé. Mo rí Tíṣà tó ń wo pátákó, ó ń wo Jẹ́jẹ́, ó tún ń wo iṣu kan ṣoṣo tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàbá náà.

"Alùfáà," ló wí, "nọ́ńbà náà ò purọ́. Èmi ni mo kọ̀ láti kà á. Ẹnìkan ló kù kí ọ̀kẹ́ àádọ́ta tó pé."

Alùfáà Adégòkè kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, ohùn rẹ̀ sì rọ̀, "Olùṣọ́ àgùntàn fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀." Kò parí rẹ̀. A mọ ìyókù.

Màmá Janet ti dé ìdí bẹ́ǹṣì. "Bàbá, láti ìgbà wo lẹ ti ń gbé uṣu wá sí Ìkórè?"

"KÍ WỌ́N TÓ KÀN UGI ÒRÙLÉ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ YÌÍ."

"Ta ló pè yín jáde rí?"

"WỌN Ò PÈ MÍ. MO Ń GBÉ E FÚN ẸNI TÓ Ń LU AGOGO, Ó Ń BÁ MI GBÉ E WỌLÉ."

Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì. Alùfáà bá pè é: "Kí Bàbá Jẹ́jẹ́ máa bọ̀ níwájú pẹpẹ." Bàbá náà dìde, ó gbé iṣu rẹ̀ rù. Ẹni kan kò lè dá jó lọ́jọ́ Ìkórè. Ó di dandan kí ará bẹ́ǹṣì rẹ̀ tẹ̀lé e. Ará bẹ́ǹṣì náà ni Tíṣà Fáníyì, ẹni tí kò jó níjọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀. Ó jó. Ètè rẹ̀ ń mì, ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, méjì, ó sì ṣi ẹsẹ̀ gbé síbẹ̀síbẹ̀.

"Àwa tó kù ńkọ́?" ni Ládélé bèèrè.

"Mẹ́sàn-án ni gbogbo yín," ni Tíṣà dáhùn láti iwájú láìwẹ̀yìn. "Ẹ máa bọ̀."

Ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún tí odidi Nàìjíríà ń tò, ṣọ́ọ̀ṣì tiwa ya bí ìṣàn odò. Àwọn ìyá Dọ́káàsì há Alàgbà Ládélé sáàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Ewúrẹ́ Ọ̀dọ́ ń jẹ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìrẹ́pọ̀. Àwa akọrin náà ti bọ́ sójú ijó, torí mẹ́sàn-án làwa náà, kò wá sẹ́ni tó ń kọrin mọ́, àfi Jẹ́jẹ́ níwájú, tó ń kọ orin láìgbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwa fúnra wa la ní kó mú un lọ́nà mẹ́jọ. Ó di 1142856. Ládélé ní, "Ẹ wò ó, wọ́n ti di méje! Àlejò ti wọlé!"

"Kì í ṣe àlejò," ni Tíṣà wí. "Ẹni tó kù lọ́dún tó kọjá ni. Ẹ ò rí i níwájú?" Ó fi ọwọ́ pa ọ̀kan iwájú náà rẹ́, ó mú un lọ bá mẹ́fà tó wà lẹ́yìn. Mẹ́fà àti ọ̀kan, méje. Pátákó padà di 142857. Méje yẹn, Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́ ló ni ín láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyẹn ló mú kí gbogbo ojú yí sẹ́yìn, torí Ọ̀dọ́ ló ti gba Jẹ́jẹ́ wọlé láti oṣù kìíní ọdún náà. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà, ó dé fìlà Ọ̀dọ́ tí kò wọ orí rẹ̀.

Mo ti rò ó títí, mi ò tíì mọ èwo ni kí n pè ní ìdáhùn àdúrà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé nọ́ńbà náà kò mọ Jẹ́jẹ́. Mo sì mọ̀ pé àwa tí a mọ Jẹ́jẹ́, a ò rí i. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀ ní tèmi, bí mo bá ṣì í, yóò dárí jì mí.

Wọ́n dá kíláàsì Tíṣà padà fún un. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó padà sí ìjókòó rẹ̀ níwájú, Ládélé fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó lọ bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. A rò pé inú ló ṣì ń bí i, àfi ìgbà tí Màmá Janet lọ jókòó tì í lọ́jọ́ Ìsinmi kan. Ó rí i pé láti orí bẹ́ǹṣì yẹn, ènìyàn lè rí gbogbo mọ́tò tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, nọ́ńbà iwájú àti nọ́ńbà ẹ̀yìn.